Àwo Tí Ẹ̀rọ Aládùúgbò Lè Kà

Ní oṣù Kejì ọdún 2008, ìyá tó bí ìyá mi pé ẹni ọgọ́rin ọdún. A ta kánópì dí ojú títì wa ní Ketu, kò jìnnà sí Tipper Garage, a pe onílù, a pe oníkámẹ́rà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, oníkámẹ́rà náà wá gba ìyókù owó rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó mu omi tán, ó wá bi ìyá mi pé, "Màmá, síídì ni kí n ṣe é sí ni, àbí dífídì? Dífídì ló mọ́ jù o. Ojú àwọn èèyàn á hàn kedere níbẹ̀. Àmọ́ ẹ máa fi owó díẹ̀ kún un."

Ìyá mi ò bèèrè iye tí wọ́n máa fi kún un. Ìka ọwọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀rọ síídì ló wà nílé wọn. Àbúrò wọn tó ń gbé Ìkòròdú, síídì. Ìyá tí wọ́n jọ ń ta ata ní ọjà Mile 12, ẹ̀rọ tiwọn kì í tilẹ̀ ka dífídì. Ìyàwó alàgbà ìjọ wa, kò dá wọn lójú. "Ọmọ mi, ṣe é sí síídì. Ogún ẹ̀dà ni kí o ṣe."

Inú mi ò dùn rárá. Mo wà lára àwọn ọmọ tó ń ra àlòkù ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà ní Yaba nígbà náà, mo sì mọ ohun tó ń lọ láyé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ Toshiba jáde ní Tokyo, wọ́n ní àwọn ò ṣe ẹ̀rọ HD DVD mọ́. Ogun tó ti ń jà fún bí ọdún méjì parí, Blu-ray tí Sony ń ṣe agbátẹrù rẹ̀ ló borí. Ayé ti ń sọ̀rọ̀ àwo tó mọ́ ju dífídì lọ, ìyá mi sì ń padà sẹ́yìn dífídì. Mo rò pé àìmọ̀kan ni. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń kà lórí ìka wọn lọ́jọ́ yẹn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn òyìnbó àti ará Japan jà lé lórí, torí ìjà gidi ni. Síídì, dífídì, HD DVD àti Blu-ray, bákan náà ni gbogbo wọn fẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 12 láti etí dé etí. Iná lésà tó ń ka ohun tó wà lára wọn ni kò dọ́gba. Ti síídì nípọn, ti dífídì tín-ín-rín jù ú lọ, ti àwọn méjì tó kẹ́yìn, tó ní àwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ àlùkò, ló wá tín-ín-rín jù lọ. Ẹni tó bá fi báírò ẹlẹ́nu ńlá kọ lẹ́tà sí ojú ìwé kan, kò ní pẹ́ tí ìwé á fi kún. Bó bá mú báírò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ojú ìwé kan náà á gba ìtàn tó gùn. Síídì ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 700, dífídì ń gba gígábáìtì 4.7. HD DVD ń gba gígábáìtì 15 ní ìpele kan, Blu-ray ń gba 25. Àwòrán orí síídì fídíò wa jẹ́ àmì tín-tìn-tín 352 ní ìbú àti 288 ní òró. Ti HD DVD àti Blu-ray jẹ́ 1920 sí 1080. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ibi tí síídì bá ti ní àmì kan ṣoṣo láti fi ya ojú ìyá yín, àwọn yẹn ní ogún.

HD DVD ló kọ́kọ́ jáde, ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2006 ní Japan, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin. Blu-ray tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. Ẹ̀rọ Toshiba àkọ́kọ́ jẹ́ $499, ẹ̀rọ Blu-ray tí Samsung kọ́kọ́ ṣe jẹ́ $999. Microsoft àti Intel dúró ti Toshiba. Sony, Panasonic, Philips àti Samsung wà lódìkejì. Àwọn onísinimá Hollywood náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Sony wá ṣe ohun kan tó mọ́gbọ́n wá: ó fi Blu-ray sínú PlayStation 3 tó gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, tó fi jẹ́ pé bàbá tó ra gééìmù fún ọmọ rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ Blu-ray láì fura. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ sinimá Warner kéde pé Blu-ray nìkan ni àwọn yóò máa ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, ilé ìtajà Walmart ní àwọn ò ní ta HD DVD mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Toshiba juwọ́ sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìjà yẹn tó kan ilé Yorùbá ju bó ṣe kan ilé òyìnbó lọ, n kò sì rí kà nínú ìwé ìròyìn kankan tí mo rà. Nígbà tí wọ́n ṣe dífídì, wọ́n pín ayé sí agbègbè, kí àwo tí wọ́n tà níbì kan má ṣeé wò níbòmíràn. Amẹ́ríkà ni agbègbè 1, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 2, Nàìjíríà ni 5. Ọmọ tó bá fi dífídì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti Houston àti ọmọ tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Peckham, ẹ̀rọ tó bá pa òfin náà mọ́ kò lè ka ọ̀kankan nínú wọn ní Ketu. Blu-ray dín agbègbè náà kù sí mẹ́ta: Amẹ́ríkà bọ́ sí A, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà jọ wà ní B. HD DVD ní tiẹ̀ kò ní agbègbè kankan. Ibi tí wọ́n bá ti tà á, ibi gbogbo lo ti lè wò ó. Ká ní wọ́n bi ìdílé tó ní ọmọ kan ní Houston, ọmọ kan ní Peckham, ìyá ní Ketu, HD DVD ni ì bá wọlé ìbò. Àwo tó pàdánù yẹn gan-an ló bá irú ayé tí àwa ń gbé mu, mo sì ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ agbègbè ni àwọn ẹ̀rọ láti China tó kún ọjà Alaba, tí kì í bèèrè ibi tí àwo ti wá.

Àmọ́ ṣé ẹnikẹ́ni ní òpópónà wa lè ra èyíkéyìí nínú méjèèjì? Ní ọdún 2006, dọ́là kan tó nǹkan bí ₦130. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ẹ̀rọ Samsung àkọ́kọ́ yẹn ju ₦120,000 lọ. ₦7,500 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2000. Òṣìṣẹ́ náà á ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́rìndínlógún lọ, kò ní jẹun, kò ní wọ mọ́tò, kò ní san owó ilé, kó tó lè gbé ẹ̀rọ náà sílé. Tó bá sì gbé e délé, orí tẹlifíṣọ̀n wo ni yóò ti wò ó? Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá, íǹṣì 14 tàbí 21, ló wà ní pálọ̀ wa àti ti àwọn aládùúgbò. Láti gbé àwòrán Blu-ray sórí rẹ̀ dà bí kéèyàn da omi inú dúrọ́ọ̀mù sínú ife kan. Iná NEPA, tí wọ́n sọ di PHCN ní ọdún 2005, tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I pass my neighbour" la máa ń tan, tẹlifíṣọ̀n kan, fáànù kan àti ẹ̀rọ síídì kan ni agbára rẹ̀ mọ.

Síídì wá bá ayé yìí mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu. Lọ́dún 1993 ni Philips, Sony, Matsushita àti JVC fi ìlànà síídì fídíò lélẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará China àti Hong Kong ló gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, àwọn oníṣòwò wa sì bá a pàdé lọ́hùn-ún. Láti nǹkan bí ọdún 2000 sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kúrò nílé. Kò ní agbègbè, kò ní àgádágodo, kò sì wọ́n láti ṣe. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ẹ̀gbẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ketu ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo sinimá ní ìdúró. Onífíìmù á to páálí sórí pákó láti ilẹ̀ dé òkè, ojú òṣèré lára páálí kọ̀ọ̀kan tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Á gbé tẹlifíṣọ̀n kan síta, á fi fíìmù tuntun sí i, ohùn rẹ̀ á máa bá ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe Ọjọ́ta àti Màrílándì figa gbága. Èrò á pé jọ. Ẹni tí wọ́n rán lọ ra èlùbọ́ á gbàgbé èlùbọ́. Ní ọdún 2008 tí mò ń sọ yìí, Jenifa tí Funke Akindele ṣe jáde, kò sì sí ibi tí o máa dúró sí láàárín Ketu àti Mile 12 tí o ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ọjọ́ 17, ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS, àwọn tó ń to sórí ìlà láti wọ bọ́ọ̀sì tuntun náà sì di oníbàárà tuntun fún àwọn tó ń kiri síídì. Ní Mile 12 fúnra rẹ̀, fíìmù Hausa láti Kano wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú fíìmù Yorùbá. Aláàárù á ra méjì, á kó o sínú àpò, ó mọ̀ pé bí òun bá délé lókè ọya, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ á kà á.

Síídì kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, nítorí náà fíìmù kan gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ibi tí ìyá ọkọ bá ti gbọ́wọ́ sókè láti fọ́ ìyàwó létí, ibẹ̀ ni àwo á ti parí. Ìgbà tí ọmọ bá fi máa dìde yí i padà, gbogbo ilé ti dá ẹjọ́, wọ́n ti ṣe àtúnṣe ẹjọ́. Mo gbà pé àwo yẹn wà lára ohun tó kọ́ àwọn òǹkọ̀tàn wa láti máa dá ìtàn dúró síbi tó gbóná, kí "ẹ máa retí apá kejì" tó jáde.

Síídì kì í sì í gbé ilé ẹnì kan. Ilé oníyàrá mẹ́wàá la wà, bí ẹnì kan bá ra fíìmù lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó bá fi di ọjọ́ Àìkú ó ti yí gbogbo yàrá ká. Tó bá ń fò, wọ́n á mí èémí sí i, wọ́n á fi aṣọ nù ún. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, tí NO DISC jáde lójú ẹ̀rọ, wọ́n á ní ẹ̀rọ yín ló ń ṣe àṣejù, ẹ gbé e lọ sí yàrá kejì. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu wa nígbà tí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ kì í ṣe pé ṣé ó mọ́. Ṣé ó ń ka gbogbo ẹ̀? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìyá mi fi ìka ọwọ́ dáhùn.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi fi ta ata ní Mile 12, nítorí náà n kò rò pé ìwé ìròyìn kankan ló máa kọ́ wọn ní ìjà àwo. Ẹ lọ síbẹ̀ ní kùtù òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ tòmátì bá ń já ẹrù. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń kó o wá láti òkè ọya, tòmátì tó wà nísàlẹ̀ ti di omi kó tó dé Èkó. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo kéréètì oníke, tí kì í tẹ tòmátì, tí atẹ́gùn ń wọ̀. Òótọ́ ni, kéréètì dára jù. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Òun ni ẹni tó wà lóko fi ń kà, òun ni ẹni tó wà ní Mile 12 fi ń ná, òun ni aláàárù mọ bí a ṣe ń gbé sórí. Kéréètì gbọ́dọ̀ padà sí òkè ọya kó tó lè tún ṣiṣẹ́, ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá dá nìkan gbé kéréètì wọjà ti mú òṣùwọ̀n tí ẹlòmíràn kò mọ̀ dání. Bí dífídì ṣe rí lójú ìyá mi nìyẹn.

Àwọn tó ṣáájú wa ti la irú èyí kọjá. Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS jáde ní 1976. Kásẹ́ẹ̀tì Betamax àkọ́kọ́ ń gba wákàtí kan, ti VHS ń gba méjì, sinimá kan gbáko. VHS ló wọ ilé wa, òun ni Kenneth Nnebue sì lò nígbà tó ṣe fíìmù Living in Bondage ní 1992, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ fi fíìmù Yorùbá dán ọjà náà wò. Ohun tó jẹ́ kí àwòrán rọrùn láti kiri ló tún jẹ́ kó rọrùn láti jí. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982 lórí fíìmù gidi, owó ńlá ló kó lé e. Ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ìgboro, gbèsè rẹ̀ sì dun ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí síídì dé, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kan ní yàrá rẹ̀ lè ṣe ohun kan náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ibi tí dífídì wá bá wa. Nígbà tí òyìnbó rí àyè tó pọ̀ lórí àwo, ó fi ṣe kí àwòrán mọ́. Nígbà tí àwọn olè wa rí àyè kan náà, wọ́n fi kó fíìmù mẹ́wàá sórí àwo kan, nígbà tó yá ó di ogún. Gbogbo wa la rà á. Èmi náà rà á. Owó tí kò tó ti fíìmù kan, o ní iṣẹ́ ogún òṣèré lọ́wọ́ láì sí kọ́bọ̀ kan tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kankan nínú wọn, wọ́n sì ti fún àwòrán náà pọ̀ débi pé ojú òṣèré di kóró-kóró bí irú. Olè ni. Kò sí orúkọ mìíràn fún un, àìlówó lọ́wọ́ wa kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Blu-ray náà dé Ketu nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Nínú àwọn ilé gééìmù tí àwọn ọmọ ti ń san owó láti gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, PlayStation 2 fàyè sílẹ̀ fún PS3 tòkunbọ̀, lẹ́yìn náà PS4. Àwo gééìmù tí àwọn ọmọ náà ń dì mú, Blu-ray ni. Ọ̀pọ̀ wọn ti di Blu-ray mú láìmọye ìgbà láì tíì wo sinimá kan lórí rẹ̀ rí. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó lè gbé àwòrán náà fi di ohun tí alájọ lè rà, àwọn ọmọ ti ń gbé fíìmù sórí fíláṣì àti mẹ́mórì, YouTube ti gba fíìmù Yorùbá, Netflix dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Àwo ti parí kí èyí tó dára jù nínú wọn tó kàn wá.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Ẹ ṣí YouTube, ẹ wá fíìmù Yorùbá ọdún 2003 tàbí 2005. Ọ̀pọ̀ wọn, orí síídì ni wọ́n ti dà á, pẹ̀lú ìpolówó máákẹ́tà tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀, pẹ̀lú ibi tí apá kìíní ti já lójijì. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú àwọn àgbà òṣèré wa, tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú, dà bí ẹni tí a ń wò láti inú gíláàsì tí òjò rọ̀ sí. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ya wọ́n rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. A yan àwo tó yẹ láti fi kiri, a ò yà èyí tó yẹ láti fi pamọ́ sọ́tọ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn, kì í ṣe síídì.

Mo mọ̀ ọ́n nínú ilé tiwa. Ìyá Àgbà papò dà ní ọdún 2013. Nígbà tí mo ra tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 43 fún ìyá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni fídíò ọjọ́ ìbí yẹn. Mo wá oníkámẹ́rà náà lọ. Téèpù inú kámẹ́rà rẹ̀ nígbà náà lè gba àwòrán tó mọ́ bíi ti dífídì, ṣùgbọ́n ó ní òun ti fi téèpù náà ya òde mìíràn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe, torí téèpù wọ́n. Ẹ̀dà tó wà nílé wa kò dáhùn mọ́: NO DISC. Ti Ìkòròdú ti sọnù níbi tí wọ́n ti kó ilé. Ti ìyàwó alàgbà, ọmọ ti fi ìṣó fa ìlà sí i lára.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló rí tiwọn nínú àpótí aṣọ. Àwo kìíní kà, ìkejì kọ̀. Ìyá aláta tí wọ́n jọ tajà ní Mile 12 gbé tiwọn wá nínú ọ̀rá dúdú. Ìkíní kọ̀, ìkejì kà. Ọmọkùnrin kan ní Ketu tó ń da síídì sórí fíláṣì so méjèèjì pọ̀ fún mi. Ìdajì kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìdajì kan láti Mile 12, nínú ogún tí ìyá mi ní kí ó ṣe.

A wò ó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tẹlifíṣọ̀n náà fẹ àwòrán kékeré yẹn títí ojú gbogbo èèyàn fi di àbàwọ́n. Ọmọ mi bèèrè pé ta ni ìyá tó wọ aṣọ búlúù yẹn, èmi gan-an ò lè sọ. Ìyá mi fa àga wọn sẹ́yìn, wọn ò fà á síwájú. Wọ́n ń wo bí ìyá aláṣọ búlúù náà ṣe ń jó. "Ìyá Àgbà rẹ nìyẹn," wọ́n sọ fún ọmọ náà. "Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé."